Ogún Tí Baba Kò Kú: Lámèyítọ́ Ọ̀nà Tí A Ń Gbà Ṣàlàyé Àjogúnbá nínú Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà

Àṣamọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, mo ṣe lámèyítọ́ àfiwé tí àwa olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń lò láti ṣàlàyé ohun tó wà láàárín kíláàsì òbí àti kíláàsì ọmọ. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ náà "ogún" máa ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ó máa ń ṣì í lọ́nà, nítorí pé ó ń mú un rò pé ẹ̀dà mẹ́tọ́ọ̀dù òbí ni ọmọ gbà lọ sílé ara rẹ̀. Mo lo ìdánwò kékeré kan tí mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, kíláàsì Stack àti Properties inú èdè Java, àti ìwé èsì kan tí ó já wa kulẹ̀ ní ẹ̀ka wa. Mo fi àbá mẹ́rin kádìí ọ̀rọ̀ fún àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́.

Ìfáàrà

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kíláàsì òbí ti kú ni?"

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní ọdún kejì ẹ̀kọ́ NCE ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sójú pátákó pé kíláàsì ọmọ máa ń jogún mẹ́tọ́ọ̀dù kíláàsì òbí ni. Gbogbo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé àfiwé lásán ni, kí ó má rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jókòó, kò sì béèrè nǹkan mìíràn mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí, mo fún wọn ní ìdánwò kékeré kan nínú èdè Python:

class Oluko:
    def ki(self):
        return "Ẹ káàárọ̀, èmi ni " + self.oruko()
    def oruko(self):
        return "Olùkọ́"

class OlukoYoruba(Oluko):
    def oruko(self):
        return "Olùkọ́ Yorùbá"

print(OlukoYoruba().ki())

Mo ní kí wọ́n kọ ohun tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ jáde. Púpọ̀ nínú wọn kọ "Ẹ káàárọ̀, èmi ni Olùkọ́". Ìdáhùn tó tọ̀nà ni "Ẹ káàárọ̀, èmi ni Olùkọ́ Yorùbá". Nígbà tí mo ní kí wọ́n ṣàlàyé, wọ́n sọ pé ọmọ jogún mẹ́tọ́ọ̀dù ki lọ́wọ́ baba. Baba ló ni ín. Orúkọ baba ni ó sì mọ̀. Àlàyé yìí bá ẹ̀kọ́ mi mu délẹ̀délẹ̀. Wọn kò yà kúrò lójú ọ̀nà tí mo fi hàn wọ́n. Wọ́n tẹ̀ lé e dé ibi tí ó ń lọ ni. Nígbà náà ni mo rántí ìbéèrè tí mo fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti èmi nìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í ṣe àwọn tí yóò kàn kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ara wọn. Wọn yóò lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, tí gbogbo wa ń pè ní TP, lẹ́yìn náà wọn yóò gba iṣẹ́. Bí a bá fún ẹnì kan ní òye tó wọ́, ogójì ọmọ ni yóò pín in fún lọ́dọọdún. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí a ṣe àyẹ̀wò àfiwé yìí bí a ti ń ṣe àyẹ̀wò ìwé tí a fẹ́ fi kọ́ ọmọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá

Kí ó lè yé àwọn tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe kọ̀ǹpútà: kíláàsì tí mo ń sọ kì í ṣe yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ó dà bí bátànì tí télọ̀ gé. Aṣọ tí télọ̀ rán láti ara bátànì náà ni à ń pè ní object. Mẹ́tọ́ọ̀dù ni iṣẹ́ tí object mọ̀ ọ́n ṣe: kí ó kí ènìyàn, kí ó ṣe ìṣirò, kí ó fi nǹkan pamọ́. Bí a bá fẹ́ ṣe kíláàsì tuntun láti ara èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀, a ó sọ èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ní òbí, a ó sì sọ tuntun ní ọmọ.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí èrò yìí ti jáde ni orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ló ṣe èdè Simula 67 ní ìlú Oslo. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Turing ti ọdún 2001 nítorí iṣẹ́ yìí, wọ́n sì kú ní 2002. Nínú Simula, bí a bá fẹ́ kí kíláàsì kan dúró lórí òmíràn, a ó kọ orúkọ èyí tó ti wà síwájú orúkọ tuntun. "Prefix" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ohun tí àwa tí a kọ́ gírámà Yorùbá mọ̀ sí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ nínú gírámà ni ọ̀rọ̀ náà.

Àfiwé yìí ju ti ogún lọ. Ẹ wo àfòmọ́ oní- nínú èdè wa. Oní àti ilé di onílé. Oní àti aṣọ di aláṣọ. Oní àti ẹran di ẹlẹ́ran. Oní kan náà ni, ìtumọ̀ kan náà ló gbé wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń sọ bí yóò ṣe dún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mẹ́tọ́ọ̀dù ki nínú ìdánwò mi. Kíláàsì òbí ni a ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ dárúkọ, ọ̀dọ̀ object tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ni ó wò. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ó mọ ìdí tí a kì í fi pe aláṣọ ní oníaṣọ ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Lẹ́yìn Simula ni Smalltalk dé ní Amẹ́ríkà, láti ọwọ́ Alan Kay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Xerox PARC ní àwọn ọdún 1970. Ohun tí Kay tẹnu mọ́ ni iṣẹ́ tí object ń rán sí object. Nígbà tí Java fi jáde ní 1995, ọ̀rọ̀ "inheritance" ti gbilẹ̀ nínú gbogbo ìwé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwa gbà, tí a sì túmọ̀ sí àjogúnbá láìbi ara wa bóyá ogún tí a mọ̀ nílé wa ni ó ń sọ.

Ogún bí a ti mọ̀ ọ́n

Lọ́dọ̀ Yorùbá, ogún kì í wáyé àfi bí ẹnì kan bá kú. Bí olóògbé bá ní ìyàwó ju ọ̀kan lọ, a lè pín in ní ìdí-igi, kí iye ìpín jẹ́ iye ìyàwó tó bímọ fún un. A sì lè pín in ní orí-òjorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ lọ́gbọọgba. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tí Privy Council dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, àwọn adájọ́ gbà pé ìdí-igi ni àṣà tó gbilẹ̀, àti pé olórí ẹbí lè yan orí-òjorí bí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Èyíkéyìí tí a bá lò, ohun mẹ́ta wà níbẹ̀: baba ti lọ, a pín ohun ìní, ohun tó bá sì kan ọmọ ti di tirẹ̀.

Kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí nínú ètò kọ̀ǹpútà.

Èkíní, òbí kò kú. Ó wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Nínú Python, bí a bá yí mẹ́tọ́ọ̀dù òbí padà nígbà tí ètò ń lọ lọ́wọ́, àwọn object ọmọ tí a ti dá ṣáájú yóò rí ìyípadà náà lójú ẹsẹ̀. Kò sí ọmọ kan tó jogún ilẹ̀ tí ó jí lówùúrọ̀ rí i pé baba tó ti kú ti tún ààlà ilẹ̀ náà ṣe lóru.

Èkejì, a kò pín nǹkan. Bí òbí bá ní ọmọ mẹ́wàá, gbogbo wọn ló ń lo mẹ́tọ́ọ̀dù kan náà, kò sì dín kù. Kò sí ìdí-igi, kò sí orí-òjorí.

Ẹ̀kẹta, ohun tí ọmọ ń lò kò di tirẹ̀. Nígbà tí a pe OlukoYoruba().ki(), Python wo inú OlukoYoruba, kò rí ki níbẹ̀. Ó gòkè lọ sí Oluko, ó rí i níbẹ̀. Ìbéèrè ló lọ sókè. Mẹ́tọ́ọ̀dù kò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mẹ́tọ́ọ̀dù náà sì bi ara rẹ̀ pé "kí ni orúkọ?", ìbéèrè tuntun tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ọmọ. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti kọsẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá rò pé ogún ni, kò ní retí pé baba yóò yíjú padà láti bi ọmọ léèrè.

Ohun kẹrin tún wà tí ó burú jù. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ lè sọ pé òun kò fẹ́ ìpín òun. Kíláàsì ọmọ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí òbí bá fi hàn sí gbangba, ọmọ náà yóò fi hàn, ìbáà dára fún un, ìbáà pa á lára.

Ẹranko àti ajá

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àpẹẹrẹ tí gbogbo wa ń lò. Ẹranko ni òbí. Ajá àti ológbò ni ọmọ. Ẹranko ní mẹ́tọ́ọ̀dù dún. Ajá gbó, ológbò ké. Mo ti kọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń dùn ún kọ́, nítorí pé ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ajá jẹ́ ẹranko.

Àléébù rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ kí ó tó wọlé ni àpẹẹrẹ náà fi hàn án. Ajá inú rẹ̀ kò fi nǹkan kan pamọ́, kò ní òfin kankan tí ó gbọ́dọ̀ pa mọ́, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè bàjẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ yóò parí ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú èrò pé bí ọ̀rọ̀ méjì bá ti jọra, kí a sọ ọ̀kan di òbí èkejì. Àpẹẹrẹ tí nǹkan kò lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò lè kọ́ni ní ìdájọ́. Iṣẹ́ ìdájọ́ ni ìkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà sì jẹ́.

Stack àti Properties

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ tí ó ní ìdájọ́ nínú, a kò ní láti jìnnà. Ó wà nínú Java fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Stack dà bí àwo oúnjẹ tí a tò léra. Èyí tí a gbé lé e kẹ́yìn ni a ó kọ́kọ́ mú. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fa àwo kan yọ láàárín, nítorí pé yóò wó. Vector ní tirẹ̀ dà bí àga tí a tò sórí ìlà nínú gbọ̀ngàn: a lè mú èyí tó wà níwájú, láàárín tàbí lẹ́yìn, a sì lè fi tuntun há àárín. Àwọn tó kọ Java sọ Vector di òbí Stack. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní Stack lọ́wọ́ lè pe add, kí ó fi nǹkan sí ìsàlẹ̀ pátápátá; ó sì lè pe remove, kí ó yọ èyí tó wà láàárín. Java kò ní bá a wí. Òfin kan ṣoṣo tí ó sọ Stack di Stack ni òbí rẹ̀ ti bà jẹ́.

Properties náà rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú àwọn ètò ìlò tí orúkọ wọn àti iye wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ. Wọ́n sọ Hashtable di òbí rẹ̀. Hashtable ń gba ohunkóhun, Properties náà sì di ẹni tó ń gba ohunkóhun nípasẹ̀ put. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ kọ ọ́ sínú fáìlì pẹ̀lú store ni àṣìṣe yóò tó jáde, ó sì lè ti pẹ́ tí nǹkan ti bàjẹ́.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí kò mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n rí i pé Vector ti ní ibi ìpamọ́ tí Stack nílò, wọ́n sì mú ọ̀nà tó yá. Ìwé àlàyé Java fúnra rẹ̀ ti ń sọ báyìí pé kí a lo Deque, tí ó dé pẹ̀lú Java 6, dípò Stack. Ṣùgbọ́n wọn kò lè yọ Stack kúrò, wọn kò sì lè yí òbí rẹ̀ padà, nítorí pé ètò àwọn ẹlòmíràn ti dúró lé e lórí. Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí fún akẹ́kọ̀ọ́: ó rọrùn láti yan òbí, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ní 1987, Barbara Liskov sọ ìlànà kan tí a fi ń mọ òbí tó yẹ. Bí a bá sọ ọ́ ní èdè wa, yóò rí báyìí: ibikíbi tí a bá ti ń retí baba, bí a bá rán ọmọ lọ dípò rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ohun tí yóò dàrú. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Aṣojú ni. Aṣojú kì í ṣe ẹni tó jọ baba tàbí ẹni tó ń lo ohun ìní baba. Ẹni tí ó lè jókòó níbi ìpàdé ẹbí kí ó sì ṣe gbogbo ohun tí baba ti ṣe ìlérí ni. Stack kò lè ṣe aṣojú Vector, nítorí pé bí ó bá mú ìlérí Vector ṣẹ, yóò ba tirẹ̀ jẹ́.

Ìwé èsì wa

N kò sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó dúró lókè wo àwọn ẹlòmíràn. Àwa náà ṣe irú rẹ̀.

Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan kọ ètò kékeré kan ní Java láti fi tọ́jú máàkì. A ṣe kíláàsì kan tí a pè ní IweEsi, a sì sọ ArrayList di òbí rẹ̀. A fi add tiwa dípò ti òbí, kí ó máa kọ máàkì tó bá dín sí 0 tàbí tó lé ní 100. A dán an wò. A fi 101 sí i, ó kọ̀ ọ́. Inú wa dùn.

Ní sáà kan, dípò kí a máa tẹ máàkì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a kó wọn láti inú fáìlì, a sì fi addAll dà wọ́n sínú IweEsi lẹ́ẹ̀kan. Ẹnì kan ti tẹ 670 níbi tí 67 yẹ kí ó wà. Ó wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá péré ló ń ṣe kọ́ọ̀sì náà, ìpíndọ́gba wọn sì jáde ní 112. Ohun tó yọ wá nìyẹn. Ká ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n, 670 kan ì bá ti rì mọ́ àárín wọn, èsì ì bá sì ti jáde bẹ́ẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀? A rò pé addAll òbí yóò máa pe add fún máàkì kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì bá àyẹ̀wò wa pàdé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ArrayList, addAll ń da gbogbo wọn sínú ibi ìpamọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò bi add ní ohunkóhun. Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ náà dùn ún kọ́ ni pé HashSet kò rí bẹ́ẹ̀: addAll tirẹ̀ ń pe add lọ́kọ̀ọ̀kan. Joshua Bloch fi èyí hàn nínú ìwé rẹ̀ Effective Java ní 2001. Ó ṣe kíláàsì ọmọ fún HashSet tí ó ń ka iye ohun tí a fi sí i, nínú add àti nínú addAll. Ohun mẹ́ta ni ó fi sí i, mẹ́fà ni kíláàsì náà kà, nítorí pé addAll kà á, ó sì tún pe add, òun náà kà á.

Òbí kan ń pe ọmọ, òbí kejì kò pè é. Kò sí bí ọmọ ṣe lè mọ̀ àfi bí ó bá wọ inú yàrá òbí lọ wò ó, òbí náà sì lè yí i padà lọ́la láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a bá kọ́ pé ogún ni ó gbà kò ní ronú láti wo yàrá náà. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ kò ronú kàn án.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. A yọ ArrayList kúrò ní ipò òbí, a fi sí inú IweEsi, kí ó jẹ́ ohun èlò rẹ̀. IweEsi wá ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí máàkì lè gbà wọlé, àyẹ̀wò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà náà. Ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Gamma, Helm, Johnson àti Vlissides ti fi sínú ìwé Design Patterns ní 1994: kí a kọ́kọ́ ronú láti fi object sínú object kí a tó ronú kan àjogúnbá.

Ni àti ní

Lórí èyí, èdè Yorùbá fún wa ní ohun èlò kan tí n kò rí nínú ìwé ẹ̀kọ́ kankan tí mo lò. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí:

Vector ni Stack.
Stack ní Vector.

Nínú èkíní, à ń sọ pé irú Vector kan ni Stack jẹ́. Nínú èkejì, à ń sọ pé Vector jẹ́ ohun ìní Stack. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló mú kí "ni" yàtọ̀ sí "ní". Gbogbo àṣìṣe tí a rí nínú Stack, Properties àti IweEsi jẹ́ pé a kọ "ni" níbi tí "ní" yẹ kí ó wà. Láti ìgbà tí mo ti rí èyí, mo ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbólóhùn méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn kí wọ́n tó yan òbí fún kíláàsì. Àwọn tí wọ́n máa ń sọ pé àmì ohùn kò wúlò lẹ́yìn kíláàsì Yorùbá ti wá ń rí i pé ó wúlò ní yàrá kọ̀ǹpútà.

Ohun tí a lè fi ta kò mí

Ẹnì kan lè sọ pé àfiwé ni àfiwé ń jẹ́, kò sí èyí tó pé. Òótọ́ ni. Ẹ̀hónú mi kì í ṣe pé àfiwé ogún kò pé, bí kò ṣe pé ibi tí ó ti kùnà gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ti nílò ìrànlọ́wọ́. Àfiwé tí ó bá kùnà ní etí kò burú. Èyí tí ó bá kùnà ní àárín ni kí a pààrọ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé mo fẹ́ kí a pa àjogúnbá tì. Rárá. Ibi tí òbí bá ti múra sílẹ̀ fún ọmọ, ó dára púpọ̀. AbstractList inú Java jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ó sọ fún ọmọ kedere pé: mú get àti size wá, èmi yóò fi méjèèjì ṣe ìyókù fún àkójọ tí a kì í yí padà. Òbí tó mọ̀ pé òun yóò bímọ, tí ó sì sọ ohun tí òun ń retí lọ́wọ́ ọmọ nìyẹn. Bákan náà, èdè Kotlin kì í gbà kí a fi kíláàsì kan ṣe òbí àfi bí ẹni tó kọ ọ́ bá yọ̀ǹda rẹ̀. Àwọn tó ṣe èdè náà ti rí i pé kì í ṣe gbogbo kíláàsì ló tó òbí í ṣe.

Ẹ̀kẹta, a lè sọ pé ọ̀rọ̀ "àjogúnbá" ti wọ inú ìwé ìdánwò, a kò lè pààrọ̀ rẹ̀. Mo gbà. Kí orúkọ náà dúró. Àlàyé rẹ̀ ni kí a tún ṣe.

Àbá

Èkíní, kí a fi "béèrè" ṣíwájú "jogún". Kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé bí object kò bá mọ iṣẹ́ kan, ó ń béèrè lọ́wọ́ òbí, òbí sì ń béèrè lọ́wọ́ òbí tirẹ̀. Kí a sì fi kún un pé bí òbí bá ń ṣiṣẹ́ náà, tí ó sì nílò ohun kan, ọ̀dọ̀ ọmọ ni yóò ti kọ́kọ́ béèrè. Èyí yóò tún mú kí ọ̀rọ̀ òbí púpọ̀ rọrùn nínú Python: ọ̀rọ̀ kò ju ẹni tí a ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, Python sì ní ìlànà kan tó dájú fún un láti ẹ̀dà 2.3 ti ọdún 2003.

Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ọwọ́ ya ìrìn ìbéèrè náà sínú ìwé, ìlà kọ̀ọ̀kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Kò ná wa ní iná mànàmáná, kò sì ní kí gbogbo ọmọ ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí àpẹẹrẹ ẹranko àti ajá má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí a lo Stack, kí a jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ fa àwo yọ láàárín, kí ó sì sọ ìdí tí kò fi yẹ. Kí ó fi ìdánwò aṣojú àti ìdánwò ni àti ní yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀kẹrin, kí ìbéèrè ìdánwò wa yí padà. "Kí ni àjogúnbá?" kò sọ ohunkóhun fún wa ju pé ọmọ há a sórí lọ. Kí a fún un ní kíláàsì méjì, kí a sì bi í bóyá ọ̀kan yẹ ní òbí èkejì, kí ó ṣàlàyé.

Ìgúnlẹ̀

Yorùbá ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òun ni mo fi ronú kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Hausa ní ọ̀rọ̀ gado. Igbo, Tiv àti Nupe náà ní tiwọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nílé yín, bóyá baba gbọ́dọ̀ kú kí ó tó ṣẹ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín wà nínú ewu kan náà.

Ní tèmi, mo pe akẹ́kọ̀ọ́ tó bi mí léèrè níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀rín tí mo rín, mo sì dá a lóhùn pé kíláàsì òbí kò kú, ó wà nílé, à ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ. Ó ronú díẹ̀, ó ní: "Ṣé kì í ṣe ogún nìyẹn nígbà náà, sà?" Mo ní kò kúkú rí bẹ́ẹ̀. Mo tún ìdánwò náà fún wọn, mo sì fagi lé máàkì ti àkọ́kọ́, nítorí pé èmi ni mo kùnà nínú rẹ̀.